Ohun ìṣeré onígi tí yóò bá ọmọ dàgbà: irú igi wo, ìwọ̀n wo, mélòó?

Àdùkẹ́ Sábó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Ọmọ oṣù 9 kan àti ọmọ ọdún 4 kan ló wà nílẹ̀. Mi ò fẹ́ ra ike tó ń kọrin mọ́. Igi ni mo fẹ́, èyí tí àbúrò lè máa kì bọ ẹnu báyìí, tí ẹ̀gbọ́n lè fi kọ́lé, tí àwọn méjèèjì á ṣì máa lò ó títí wọn á fi wọ pírámárì. Kí ni kí n ní kí kápẹ́ńtà ṣe? Díẹ̀díẹ̀ ni owó ń wọlé, nítorí náà ẹ bá mi sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi (Ọ̀yọ́)

Màmá, búlọ́ọ̀kù onígi lásán ni kó ṣáájú, èyí tí a kò kun ní ọ̀dà kankan. Pátákó tó ní ihò ìràwọ̀, tó jẹ́ pé ìràwọ̀ nìkan ló lè wọ̀ ọ́, kò burú, àmọ́ ọjọ́ tí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n ló parí. Búlọ́ọ̀kù kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, ìyẹn ló fi ń pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ.

Ẹ wo bí ìlò rẹ̀ ṣe ń yí padà. Ọmọ oṣù 9 á kì í bọ ẹnu, á fi ọ̀kan lu èkejì, á jù ú sílẹ̀, á sì máa retí kí ẹnì kan bá òun mú un. Láàárín ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀, kíkó ló kù: á kó o sínú agbọ̀n, á dà á nù, á tún kó o. Àwọn òbí máa ń rò pé ọmọ kò tíì mọ̀ ọ́n lò nígbà yẹn. Ó mọ̀ ọ́n lò, bí wọ́n ṣe ń lò ó ní ọjọ́ orí yẹn nìyẹn. Ní nǹkan bí oṣù 18, yóò to mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra. Bó bá pé ọdún 2, ó lè tó mẹ́fà. Ní ọdún 3 ni afárá ń bẹ̀rẹ̀: méjì lóòró, ọ̀kan lórí. Lẹ́yìn afárá ni ọgbà, ìyẹn búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tó pa ojú pọ̀ yí nǹkan ká, ó sì yà mí lẹ́nu pé ìyẹn ṣòro fún wọn ju ilé gíga lọ. Láti ọdún 4 ni wọ́n ń mú kí apá ọ̀tún bá apá òsì mu, tí wọ́n sì ń sọ ohun tí wọ́n kọ́ lórúkọ: gáréèjì, ààfin, ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Friedrich Fröbel, ará Jámánì tó dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní 1837, ní ohun ìṣeré kan tó jẹ́ kúùbù onígi tí a gé sí kúùbù kéékèèké 8 tó dọ́gba. Caroline Pratt, tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní New York ní 1914, ló ṣe irú búlọ́ọ̀kù tó wà ní ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi káàkiri ayé báyìí: bí nínípọn bá jẹ́ 1, fífẹ̀ á jẹ́ 2, gígùn á jẹ́ 4. Ìwọ̀n yẹn ni kí ẹ lọ bá kápẹ́ńtà sọ.

Kápẹ́ńtà Tákíè

Olùkọ́ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán níbi 1, 2, 4 yẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ẹ má fi ìwọ̀n inú ìwé há kápẹ́ńtà lọ́wọ́. Ẹ wọn pákó tó wà nílẹ̀. Pákó tí sọ́míìlì ń pè ní 2 báì 3, bí pléènà bá ti kọjá lára rẹ̀, kì í nípọn tó ínṣì 2 mọ́. Bẹ́ ẹ bá fá a títí tó fi nípọn 3.5 sẹ̀ǹtímítà, tó sì fẹ̀ ní 7, gígùn odidi búlọ́ọ̀kù á jẹ́ 14. Bí igi bá kọ̀ tó já sí 3.3, ẹ má bínú: fífẹ̀ á di 6.6, gígùn 13.2. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ bí ọ̀kan bá jẹ́ 14 tí èkejì jẹ́ 13.8, ọmọ ọdún 3 pàápàá á mọ̀, torí afárá rẹ̀ á máa dà wó.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Kápẹ́ńtà á fi tépù wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi pẹ́ńsù fàlà, á gé e. Tó bá fi máa gé ogún, kò ní sí méjì tó dọ́gba. Ohun tó yẹ ni kó kan igi ìdúró mọ́ ẹ̀gbẹ́ ayùn, ní ibi tí 14 bọ́ sí gẹ́lẹ́, kó máa ti pákó kàn án, kó máa gé, láìwọn ohunkóhun mọ́. Kó sì máa gbá ìyẹ̀fun igi kúrò nídìí ìdúró yẹn, torí bó bá kó jọ síbẹ̀, gígé tó kàn á kúrú.

Ojú ayùn náà ń jẹ igi, ó tó mílímítà 3 nígbà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe òpó 3.5 níbùú lóòró, tó wá la búlọ́ọ̀kù 7 sí méjì, 3.35 ló máa bá. Inú pákó mìíràn ni kí wọ́n ti la òpó.

Èyí ni ohun tí mo máa gé fún ilé kan: odidi 24, ìdajì (7 níbùú lóòró) 12, ìlọ́po méjì (28) mẹ́jọ, ìlọ́po mẹ́rin (56) méjì, àti onígun mẹ́ta mẹ́jọ láti ara ìdajì mẹ́rin tí a là ní ìdábùú. Pẹ̀lú ohun tí ayùn jẹ, nǹkan bí mítà 8 ni. Pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 mẹ́ta ni kí ẹ rà, kì í ṣe méjì ààbọ̀, torí kókó igi àti orí pákó tó ti là á gba tiwọn. Òpó mẹ́jọ wá yàtọ̀.

Ayọ̀ LAUTECH

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a ò kàn lọ ṣa ègé pákó ní sọ́míìlì? Ọ̀fẹ́ ni, tàbí owó pọ́ọ́kú. Ẹ fi sáńpépà pa á lára, ọmọ á fi ṣeré. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi ṣe. Ìwọ̀n gbogbo yìí ti dà bí ìdánwò.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi (Ọ̀yọ́)

Ayọ̀, o ò jẹ̀bi tán. Ègé pákó dára gẹ́gẹ́ bí àfikún, pàápàá èyí tó tẹ́ tó sì fẹ́lẹ́, wọ́n á fi ṣe òrùlé tàbí ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan, ọmọ á to nǹkan gíga fún ọjọ́ méjì, á sú u, torí kò sí èyí tó bá èkejì mu. Nígbà tí ìwọ̀n bá dọ́gba, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń rí i pé ìdajì méjì kún odidi kan, pé odidi méjì gba àyè ìlọ́po méjì. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Bó bá dé kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ìdá, ohun tó ti fọwọ́ kàn ni wọ́n ń bá a sọ.

Bàbá Pákó

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ igi fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rẹ́ ẹni tí kò mọ̀ jẹ.

Mẹ́línà ni mo máa ní kí wọ́n rà. Ó funfun, ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, kì í sì í yí bọ̀rọ̀ bó bá ti gbẹ. Odidi kan tó jẹ́ 3.5 × 7 × 14 á wọn nǹkan bí 150 gírámù. Bẹ́ ẹ bá fi igi apá ṣe búlọ́ọ̀kù kan náà, yóò sún mọ́ 270. Ìlọ́po mẹ́rin tí a fi apá ṣe á ju kílò kan lọ. Bí ìyẹn bá já lé ẹsẹ̀ ọmọ ọdún kan, ariwo tẹ́ ẹ máa gbọ́ kì í ṣe ti eré. Tíìkì àti ọ̀gànwó dára, àmọ́ owó wọn ń ga. Arère fúyẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó ń tètè họ, ọmọ á fi eyín dá ọnà sí i, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ fi ìrókò sílẹ̀. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ń yún ara, ó sì ń di ẹlòmíràn ní èémí nígbà tí wọ́n bá ń fi sáńpépà pa á. Kí la ń wá lọ síbẹ̀ nígbà tí mẹ́línà wà?

Ẹ sá fún pákó alẹ̀pọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. Itọ́ ọmọ á jẹ́ kó wú, etí rẹ̀ á ṣí, á máa ya.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ló wá ṣe pàtàkì jù. Pákó tí ẹ rà lákòókò òjò ṣì lómi nínú. Bẹ́ ẹ bá gé e lóṣù keje ní ìwọ̀n tó pé pérépéré, bí ọyẹ́ bá dé, á sún kì. Fífẹ̀ àti nínípọn ló ń sún kì, gígùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá, nítorí náà 1, 2, 4 yín á ti dàrú. Ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà kọ́kọ́ là á, kó fi ìdajì sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lórí fífẹ̀ àti nínípọn. Kí ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àbẹ́là kun orí méjèèjì, torí orí ni omi ti ń yára jáde, ibẹ̀ ló sì ń là. Ẹ mú ègé kan, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí i lára, ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ iye kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti gbẹ. Ìgbà yẹn ni kó padà sábẹ́ pléènà.

Nọ́ọ̀sì Ìlera Ọmọdé

Mo kí gbogbo yín. Torí ọmọ oṣù 9 yẹn ni mo ṣe wọlé.

Ohunkóhun tó bá lè wọ inú ihò róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.2 sẹ̀ǹtímítà, tí jíjìn rẹ̀ kò ju 5.7 lọ, kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n fi ń mọ ohun tó lè há ọmọ lọ́fun. Ẹ ká páálí sí ìwọ̀n yẹn, kí ẹ fi dán gbogbo nǹkan ilé wò. Bọ́ọ̀lù onígi léwu jù, torí ó ń dí ọ̀nà ọ̀fun pátápátá, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ kéré ju 4.5 lọ. Ìdajì búlọ́ọ̀kù tí kápẹ́ńtà dárúkọ kò lè wọ ibẹ̀, ó dára. Òpó náà kò lè wọ̀ ọ́, àmọ́ ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ rírìn á kì í bọ ẹnu, á sì ṣubú lé e. Ẹ pa òpó mọ́ títí àbúrò á fi kọjá ọdún 2.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ayò, ẹ gbé e sókè kúrò lọ́wọ́ àbúrò. Ó rẹwà, ó ń dán, ó sì tó ìwọ̀n ọ̀fun ọmọ gẹ́lẹ́.

Ní ti ọ̀dà, kò sí bí ojú lásán ṣe lè rí òjé nínú ọ̀dà. Ìwọ̀n tí WHO dámọ̀ràn ni pé kó má kọjá 90 nínú mílíọ̀nù kan, ilé àyẹ̀wò nìkan ló sì lè wọn ìyẹn. Àwọn kan ń fi aṣọ tútù nù ún, wọ́n á ní kò ṣí, nítorí náà kò séwu. Aṣọ kò mọ òjé. Igi láìkun ni mo fara mọ́ fún ọmọ tó ṣì ń jẹ nǹkan lẹ́nu.

Bẹ́ ẹ bá ṣe ohun tí wọ́n ń fi okùn wọ́, kí okùn náà má ju 22 sẹ̀ǹtímítà lọ, kó má sì ní ojóbó.

Ayọ̀ LAUTECH

Mo ti gbà, ẹ má nà mí. Tí a kò bá kùn ún, kí la máa fi pa á lára? Ẹnì kan ní kí n fi fáníṣì.

Kápẹ́ńtà Tákíè

Fáníṣì tó bá ti gbẹ dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, wàhálà rẹ̀ ni pé bí búlọ́ọ̀kù bá ń lu ara wọn, ó ń ṣí ní èèpo-èèpo, inú ẹnu ni èèpo yẹn sì ń lọ. Sólígínọ́ọ̀mù àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti jó, tí wọ́n fi ń lé ìkán, wọn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ohun ìṣeré.

Kí a tó dé orí epo, ẹ jẹ́ ká parí sáńpépà. 80 ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ 120, lẹ́yìn rẹ̀ 180. Ẹ lẹ sáńpépà mọ́ pátákó tó tẹ́, kó jẹ́ búlọ́ọ̀kù ni ẹ ó máa fà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ sáńpépà lẹ fi lé búlọ́ọ̀kù, etí rẹ̀ á bọ́ jù, àárín á sì yọ gọngọ. Lẹ́yìn 180, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ máa rí i pé ara rẹ̀ á tún le bí ahọ́n màlúù. Ẹ tún fi 180 kọjá lára rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bẹ́ ẹ bá fo ìyẹn, itọ́ ọmọ ló máa bá yín ṣe é, ẹ̀gún igi á sì gún un ní ètè. Etí àti igun, mílímítà 2 péré ni kí ẹ gé lára wọn. Bó bá róbótó jù, kò ní dúró lórí ara wọn mọ́.

Ó wá ku epo. Ìda oyin gírámù 25 sí òrí gírámù 100. Ẹ kó o sínú abọ́, ẹ gbé abọ́ lé omi gbígbóná nínú ìkòkò, ẹ má gbé e lé iná tààrà. Ìda á yọ́ bí gbígbóná bá ti kọjá 60°C díẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ jẹ́ kó dì. Ẹ fi aṣọ pa á, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó sùn mọ́jú, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún títí ọwọ́ kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí òrí bá pọ̀ jù, á máa lẹ̀, eruku Ògbómọ̀ṣọ́ á sì wá gbé lára rẹ̀. Ẹ má lo òróró ẹ̀pà, ó ń kan, ara àwọn ọmọ kan kò sì gba ẹ̀pà. Epo pupa á kun ilé yín láwọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́kọ

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kékeré. Ọmọ mi ti ń lọ sílé ìwé, wọ́n ní kí a ra búlọ́ọ̀kù tó ní A, B, D lára. Ṣé kí n kọ ọ́ sí èyí tí kápẹ́ńtà bá ṣe?

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi (Ọ̀yọ́)

Ẹ má kọ ọ́, màmá. Bẹ́ ẹ bá kọ A sí i, àwọn àgbà ilé á máa bi í pé "kí lèyí?" nígbà gbogbo, ilé tó ń kọ́ á dúró. Ẹ fi káàdì kọ́ ọ ní lẹ́tà. Bó bá di ọdún 5 tàbí 6, òun fúnra rẹ̀ á bèèrè bébà láti kọ "ILÉ ÌWÒSÀN" lẹ̀ mọ́ ohun tó kọ́.

Dípò lẹ́tà, ẹ fi ènìyàn kún un. Ọmọláńgidi pẹlẹbẹ, bí àwọn tí àwọn ọmọbìnrin ń pọ̀n látijọ́, ni mo fẹ́ràn, torí kò ní ojú tó ń rẹ́rìn-ín nígbà gbogbo. Ó lè máa sunkún, ó lè jẹ́ dókítà. Kí gíga rẹ̀ wà láàárín 10 sí 12, kó lè gba abẹ́ afárá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 14, kí ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ tó 4, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ṣubú lulẹ̀, inú á bí ọmọ. Mẹ́rin tó.

Ọpọ́n ayò náà ń bá ọmọ dàgbà. Ọmọ ọdún 2 á máa kó ìdajì búlọ́ọ̀kù lé e lórí. Ọmọ ọdún 4 á máa pín nǹkan sí ihò 12 náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá di ọdún 6 tàbí 7, ọmọ ayò 48 á wọlé, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò, eré gidi ti dé. Àmọ́ bí àbúrò bá ṣì ń rákò, àpò ọmọ ayò á wà lókè, bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ.

Àdùkẹ́ Sábó

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Bó bá jẹ́ owó pákó kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́, kí ni kí wọ́n gé? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ pé kí n tó sanwó? Bí mo bá rí ìyẹ̀fun lábẹ́ búlọ́ọ̀kù ńkọ́?

Kápẹ́ńtà Tákíè

Pákó kan, ẹsẹ̀ bàtà 12: ìdajì 12 àti odidi 16. Ó máa gba nǹkan bí 316 sẹ̀ǹtímítà nínú 366, ìyókù jẹ́ ti kókó àti orí tó là. Àbúrò á gba ìdajì mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n á gba ìyókù. Ìlọ́po méjì àti onígun mẹ́ta ni kó tẹ̀ lé e nígbà tí owó bá tún dé, lẹ́yìn náà òpó àti ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá fẹ́ gé pákó ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ mú búlọ́ọ̀kù kan lára ti àkọ́kọ́ lọ, kí ẹ fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ má sọ ìwọ̀n lẹ́nu lásán.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dá odidi kan dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ìdajì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: orí wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ gbé odidi méjì lé ara wọn, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dá ọ̀kan dúró sí ìtòsí wọn: gíga wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ wá to mẹ́wàá léra lórí ilẹ̀ tó tẹ́. Bí àṣìṣe mílímítà kan bá wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ẹ̀kẹwàá ó ti di sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ ó fi ojú rí i. Orí ẹní tàbí ilẹ̀ lásán ni kí ẹ ti dán an wò, kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì. Kápẹ́ẹ̀tì tó rọ̀ á wó ilé tó dára jù lọ, kápẹ́ńtà ni wọ́n á sì bú.

Bàbá Pákó

Ti ìyẹ̀fun: bó bá wà lábẹ́ ihò wínníwínní, kòkòrò ti wà nínú igi. Ẹ má fọ́n oògùn sí i. Ẹ yọ èyí tó ní ihò kúrò láàárín àwọn yòókù kíákíá. Gbígbóná ló ń pa á: bí inú igi gan-an bá gbóná tó 60°C fún wákàtí kan, kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ á kú. Igi tó nípọn 3.5 á gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin nínú óófùn kí àárín rẹ̀ tó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ga ju 65°C lọ, á là. Ẹni tó ní fírísà lè wé e sínú ọ̀rá, kó dá a dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí iná bá gbà fún un.

Fífọ̀ kì í ṣe rírẹ. Aṣọ tó ní ọṣẹ díẹ̀, ẹ fún un dáadáa, ẹ nù ún, ẹ tún fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Abẹ́ ibòji ni kó ti gbẹ, kó dúró lórí etí rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba ojú méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá sá a sí oòrùn ọ̀sán, ojú òkè á gbẹ ṣáájú ti ìsàlẹ̀, búlọ́ọ̀kù á sì tẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti ń funfun, tó ń gbẹ hánhán, ẹ fi òrí àti ìda kan náà pa á. Lákòókò ọyẹ́ ìyẹn á yára ju ti ìgbà òjò lọ.